Ọjọ́ Tí Wọ́n Ṣán Àbàtà De Àlejò

"Ọmọpẹ́, máa bọ̀ wá wo iṣẹ́. Wá wo ohun tí a ṣe fún ọ."

Bàbá Alhájì ló ń sọ̀rọ̀. Ó dúró létí àbàtà, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó gbàgbé láti ká jálábíà rẹ̀ sókè kúrò nínú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, géndé mẹ́fà láti agbo ilé ń fi réèkì wọ́ koríko jọ. Ọmọpẹ́ sọ àpò bàtà òjò tó rù kalẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Eèsún tó ga ju èèyàn lọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Òṣíbàtà tó tẹ́ sójú omi bí ẹní kò sí níbẹ̀ mọ́, àfi ewé bíi mẹ́ta mẹ́rin tí réèkì ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Omi náà mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, wọ́n sì ti gbá etí rẹ̀ bí ẹni gbá ojúde ilé.

Ó kúnlẹ̀. Kí ni kó tún ṣe? Àgbàlagbà ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ò ní tìtorí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú àdá ní kùtùkùtù, kí onítọ̀hún wá dúró sójú kan kó máa wò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ó ní. "Ẹ ṣé gan-an ni. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa."

"Àmín. Àlejò ò ní wá bá ọmọ Ògúnrìndé nínú igbó," ni Bàbá wí, ó sì na àdá sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lánàá lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, ó na án sí ibi tí wọ́n dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó na án sí ibi tí wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ó ní àwọn ọmọ fẹ́ rojọ́ pé omi tutù, òun sì ni òun kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ kí ojú lè tì wọ́n. Ọmọpẹ́ ń dáhùn, "Ẹ kú làálàá, Bàbá, ẹ kú làálàá," ṣùgbọ́n òkìtì koríko ni ojú rẹ̀ ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ọmọpẹ́ yìí, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, lo ọdún mọ́kànlá ní Àbíjàn, níbi tó ti ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà igbó kan tí ìjọba ibẹ̀ dá sí. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí i pé ọmọ èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn wọ igbó láìmú ìbọn, láìmú àdá, kó kàn máa wo ẹyẹ, kó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú un wọlé. Lákọ̀ọ́kọ́ ó rò pé orí wọn ò pé. Nígbà tó yá, òun náà ń tẹ̀ lé wọn, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú àlejò rìn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú tó padà sí Masifa, ìlú wọn, àbàtà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn ló kọ́kọ́ lọ wò. Ó ní ẹyẹ tó wà níbẹ̀ kò kéré sí ti Àbíjàn. Ó la ọ̀nà ẹsẹ̀ yí i po, ó fi ọparun ṣe afárá síbi tí ẹrẹ̀ ti jìn, ó sì ń mú èèyàn wọ ibẹ̀ ní méjì-méjì, ní mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn ará ìlú ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Nítorí pé "dúsìmáà" ni wọ́n máa ń wí ní Àbíjàn tí wọ́n bá fẹ́ kéèyàn rọra, tí òun náà sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá mú wọlé, orúkọ tí wọ́n fún un ní Masifa ni Ìyá Dúsìmáà.

Ilẹ̀ ẹbí sì ni àbàtà náà. Lọ́dún tó kọjá, àwọn onírẹsì kan wá bẹ ẹbí pé kí wọ́n fún àwọn láyè kí àwọn la kòtò sí i, kí omi rẹ̀ fà, kí àwọn sì gbin ìrẹsì sí i. Ọ̀pọ̀ nínú ẹbí fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá Alhájì Àbdùlláhì Ògúnrìndé, tó jẹ́ olórí ẹbí, ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní òun fún Ọmọpẹ́ ní òjò kan. Bí òjò ọdún yìí bá fẹ́ dá, tí òun ò sì tíì rí ẹni gidi kan tó tìtorí àbàtà wá sílùú àwọn, àwọn onírẹsì á wọlé. Oṣù kẹsàn-án rè é. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni àwọn onírẹsì ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tí à ń wí yìí gan-an sì ni ẹgbẹ́ kan ń bọ̀ láti Òṣogbo, àwọn tó máa ń lọ rìn káàkiri, tí wọ́n ń wo ẹyẹ, ibì kan lóṣù kan. Dókítà Ẹkúndayọ̀, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwòsàn, ni olórí wọn. Ohun tó mú kó gbà láti wá ni fọ́tò kan tí Ọmọpẹ́ fi ránṣẹ́ sí i lórí wásáàpù. Ẹyẹ kan ni, tí bàbá Ọmọpẹ́ máa ń pè ní arìnlórí-òṣíbàtà. Ara rẹ̀ pupa bí obì, iwájú orí rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń hun aṣọ òtútù, òun ló fi ń rìn lórí ewé òṣíbàtà láìrì. Ó sàba lórí ẹyin mẹ́rin láàárín omi. Dókítà ní bí ẹgbẹ́ bá fi ojú ara wọn rí i, wọn yóò kọ àbàtà náà mọ́ ibi méjìlá tí wọ́n máa ń lọ lọ́dọọdún. Ọmọpẹ́ ti ń wo ẹyin yẹn láti ọjọ́ mẹ́tàlá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì tún ń bà á kí ẹnìkan má lọ kó ẹyin náà dín. Ohun tó sọ fún ẹbí kò ju gbólóhùn kan lọ, pé àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá sọ fún ará Masifa pé àlejò ń bọ̀, tí kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́ ọn, ó ti ní kó lọ mú àdá nìyẹn.

Òun fúnra rẹ̀ wà ní Ẹ̀jìgbò lánàá látàárọ̀ di alẹ́, níbi tó ti lọ yá bàtà òjò mẹ́jọ. Ó bá ọ̀kadà ìkẹyìn wálé, ó sì sùn. Kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tí Bàbá lọ sílé lọ wẹ̀, Ọmọpẹ́ lọ síbi òkìtì koríko. Wàlíyátù tẹ̀ lé e. Ọmọ Bàbá Alhájì ni Wàlíyátù, òun ló máa ń bá Ọmọpẹ́ to bàtà fún àlejò. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ ilé sílẹ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ ló sì pọ̀n ọ́n dàgbà. Ní Masifa, àwọn àgbà ṣì máa ń sọ ọ́ bí Alhájì ṣe máa ń gbé ọmọ sẹ́yìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, tí yóò gbé e sọ̀ tó bá fẹ́ kírun, tí yóò sì tún gbé e pọ̀n tó bá ṣe tán.

"Kí lò ń wá nínú pàǹtí, ẹ̀gbọ́n mi?" ni Wàlíyátù bi í.

Ọmọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sórí òkìtì náà. Ó ń fọwọ́ tú eèsún, ó ń tú òṣíbàtà tó ti ń rọ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan nǹkan. Mẹ́ta ti fọ́. Ìkẹrin wà lódindi, ó tutù. Ẹyin kékeré ni, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ dà bí igi, wọ́n sì fi dúdú kọ ọ́ jágbajàgba yíká bí wàláà ọmọ kéú. Nígbà náà ló tó sọ gbogbo rẹ̀ fún Wàlíyátù, ó sì sunkún díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó so ẹyin náà mọ́ etí ìró rẹ̀.

Wàlíyátù ní ọ̀rọ̀ ò tó yẹn. Ó ní kí wọ́n sọ fún àwọn àlejò pé ìjọba ìbílẹ̀ ló wá ṣán an. Nígbà tí Ọmọpẹ́ wò ó láwòsí, ó ní tàbí kí wọ́n kúkú sọ pé ẹyẹ náà ti pamọ, ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

"Bàbá ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún," ni Ọmọpẹ́ wí.

"Sọ fún Bàbá pé kí ni? Pé iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí tìẹ ṣe láàárọ̀ yìí, ìbàjẹ́ ni? Èmi ò sí níbẹ̀ o. Bàbá mi ni wọ́n, mo mọ̀ wọ́n." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ẹnìkan ló sọ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí pé, 'Alhájì, a gbọ́ pé àwọn dókítà ń bọ̀ wá wo àbàtà yín.' Láti ìgbà yẹn ni ara wọn ò ti gbà á mọ́. Orúkọ rẹ ni wọ́n ń dá káàkiri. Wọ́n ní o jọ bàbá rẹ."

Ìyẹn gan-an ló wá dun Ọmọpẹ́ jù. Ọdún méjì gbáko ló ti ń wá kí Bàbá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó wá sọ ọ́ yìí ló fi àdá sọ ọ́.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀sì àwọn àlejò dé. Èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n, wọ́n gbé awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́ ọrùn. Bàbá ti dé ṣáájú wọn. Ó ti wẹ̀, ó wọ jálábíà funfun mìíràn, ó sì wọ bàtà dúdú rẹ̀ tó ní irin wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó jẹ́ pé Jímọ́ọ̀ àti Iléyá nìkan ló ń wọ̀ ọ́, tí kò sí ọmọ ọwọ́ kan ní Masifa tí kò mọ̀ ọ́n. Ó kí wọn káàbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè ilé wọn, ó béèrè ìrìn, ó béèrè bí ọ̀nà ṣe rí.

Dókítà Ẹkúndayọ̀ dáhùn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó rí omi. Ó wò ó títí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?" ló béèrè jẹ́ẹ́.

"Èmi ni o," ni Bàbá wí, ó fi ọwọ́ lu àyà. "Èmi àti àwọn ọmọ. A ò jẹ́ kí ẹ wá bá wa nínú ìdọ̀tí."

Dókítà ya ẹnu, ojú òun àti ti Ọmọpẹ́ sì ṣe mẹ́rin. Ọmọpẹ́ mi orí díẹ̀. Dókítà pa ẹnu dé, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ kú wàhálà wa." Ọmọ Yorùbá ni òun náà, a ò lè sọ pé kò mọ ohun tó yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó kù ń wọ bàtà òjò, ó fa Ọmọpẹ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Ó ní òun ò bá a jà, òun sì rí i pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é. Ó ní ṣùgbọ́n òun ò lè purọ́ fún ẹgbẹ́. Bí òun bá kọ ibì kan sílẹ̀ lónìí pé kí àwọn èèyàn máa wá, tí wọ́n sì tún ṣán ìtẹ́ ẹyẹ níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, orúkọ òun ló bàjẹ́.

"Àfi kí ẹni tó ni ilẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ fi dá wa lójú pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́," ló wí. "Kì í ṣe ẹ̀yin, Ìyáàfin. Ẹni tó ni ilẹ̀."

Ọmọpẹ́ ní òun ti gbọ́. Ẹni tó ni ilẹ̀ ń bẹ níwájú níbẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún ọkùnrin sanra kan tó ń jẹ́ Matthias bí wọ́n ṣe ń pọ́n àdá kó tó mú eèsún dáadáa.

Ìrìn bẹ̀rẹ̀. Ọmọpẹ́ ní kí Bàbá jọ̀wọ́ kó wọ bàtà òjò, Bàbá ní òun ò lè wọ bàtà òjò níwájú àlejò. Ọmọpẹ́ sọ fún gbogbo wọn pé dúsìmáà ni o, kí ẹsẹ̀ rọra, kí ohùn wálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ ẹnikẹ́ni sókè. Wọn ò tíì rìn ju bí ogójì ìṣísẹ̀ lọ tí Bàbá fi rí àgbẹ̀ kan lókèèrè ní òdìkejì omi, ó sì kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o!"

"Ẹ kú ìrìn o, Alhájì! Ilé ńkọ́?"

Lékeléke bí ogún gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lọ. Matthias fi ọwọ́ bo ẹnu kó má rẹ́rìn-ín. Bàbá wo àwọn ẹyẹ tó ń lọ, ó wo Ọmọpẹ́, ó béèrè bóyá òun ló lé wọn. Ọmọpẹ́ ní wọn yóò padà. Bàbá ní kéèyàn máa rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i, ìyẹn le, ṣùgbọ́n òun á gbìyànjú. Lóòótọ́ ló sì gbìyànjú. Nígbà tí wọ́n tún rí àgbẹ̀ mìíràn, ọwọ́ ló jù sí i, àgbẹ̀ náà sì dúró, ó ń wòye ohun tó ṣe Alhájì tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n dé ibi tí ògùrọ̀ pọ̀ sí, níbi tí àdá ò dé. Ibẹ̀ ṣì wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ẹ̀gà ń hun ilé wọn sórí imọ̀, wọ́n ń pariwo. Awọ́nrínwọ́n kan tó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́ta yọ́ sínú omi láìdún. Ẹyẹ apẹja kan bọ́ láti orí ẹ̀ka, ó kan omi, ó jáde pẹ̀lú ẹja lẹ́nu, Dókítà sì mí kanlẹ̀. Wọ́n fún Bàbá ní awò. Ó gbé e sójú, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e sójú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, àṣé báyìí ni ojú ẹyẹ ṣe rí. Nígbà tó ṣe, òun ló ń ṣáájú, tí ó ń fi ìka kan ẹnu sí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Inú Ọmọpẹ́ ìbá dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà yí po ni, ibi tí wọ́n bá yí i sí, ojú omi tí wọ́n ti ṣán ni yóò mú wọn padà sí. Ó ń gbọ́ ìró bàtà Dókítà lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ̀ pé ó ń dúró de òun. Ó ń ka ohun tí yóò sọ nínú ara rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń dà bí ìwọ̀sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní, "Bàbá," ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá dáhùn, "Kí ni?" tí Ọmọpẹ́ sì ní, "Ẹ rọra, ibẹ̀ ń yọ̀."

Wọ́n jáde sórí afárá ọparun tó kọjú sí gbangba omi. Ẹyẹ náà wà níbẹ̀.

Ó wà lórí ọ̀kan nínú ewé òṣíbàtà tó ṣẹ́kù. Ó rìn dé etí rẹ̀, ó tẹjú mọ́ omi. Ó fò sórí ewé kejì, ó yí i ká, ó tún tẹjú mọ́ omi. Ó fò sórí ẹ̀kẹta. Nígbà tí ewé tán, ó padà sórí àkọ́kọ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Kò jẹ nǹkan kan. Èèyàn mọ́kànlá dúró lé e lórí lójúkojú, kò sá.

Bàbá gbé awò sójú. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Ọmọpẹ́," ló wí, "kí ni ẹyẹ yẹn ń wá?"

Dókítà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wàlíyátù tó gbé àpò omi mímu tẹ̀ lé wọn yí ojú sí ibòmíràn. Ó rọrùn láti sọ pé oúnjẹ ló ń wá. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n Ọmọpẹ́. Bó bá sọ ọ́, Bàbá á lọ sílé tìdùnnú-tìdùnnú, Dókítà á lọ sí Òṣogbo, ọjọ́ Ajé á sì pé. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní ń fọ́. Tirẹ̀ yàtọ̀, ọ̀rọ̀ tí kò sọ ló fọ́ ẹyin.

Ó kúnlẹ̀ lórí ọparun.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹyin rẹ̀ ló ń wá."

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì gbé ẹyin náà sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá. Bàbá yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Bíi wàláà," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Níbo lo ti rí i?"

"Nínú òkìtì koríko, Bàbá."

Kò béèrè òkìtì wo. "Mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́rin. Mẹ́ta ti fọ́."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́tàlá lónìí, Bàbá. Ẹyin yìí ni àwọn àlejò wa tìtorí rẹ̀ wá. Èmi ni n kò sọ fún yín. Mo rò pé ẹ ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Bàbá rò ó wò. Àgbà tí kì í purọ́ ni.

"Ǹ bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n n kì bá tí ṣán an."

Ẹyẹ náà tún fò sórí ewé kejì. Bàbá béèrè ibi tí ìyá wọn wà, tó fi jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló ń wá wọn kiri. Ọmọpẹ́ wo Wàlíyátù, ó fẹ́ pa ọ̀rọ̀ náà mọ́, ó sì rántí ohun tí pípa ọ̀rọ̀ mọ́ ti fà láàárọ̀ yẹn.

"Ìyá wọn ti lọ, Bàbá. Bó bá ti yé ẹyin tán, ọ̀dọ̀ ọkọ mìíràn ló ń lọ. Akọ ló ń sàba, akọ náà ló ń tọ́ ọmọ. Òjò bá dé, abẹ́ apá rẹ̀ ló ń kó wọn sí. Èyí tí ẹ ń wò yẹn, bàbá wọn ni."

Bàbá di ẹyin náà mọ́wọ́, ó dúró, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹyẹ yẹn. Wàlíyátù gbé àpò omi sílẹ̀, ó rìn wá dúró ti bàbá rẹ̀, ó sì fọwọ́ kan apá rẹ̀. Ó pẹ́ kí Bàbá tó yíjú sí àwọn àlejò.

"Èmi ni mo ṣe é," ló wí fún wọn. Kò fi ọwọ́ lu àyà lọ́tẹ̀ yìí. "Ẹ má bá ọmọ yìí wí. Mo ṣe bí ẹni ń ṣe dáadáa ni. Dókítà, ṣé ó tún lè rí ẹyin mìíràn sàba lé lórí?"

Dókítà ní ó ṣeé ṣe. Ó ní gbòǹgbò òṣíbàtà ṣì wà nínú ẹrẹ̀, bí wọn ò bá fọwọ́ kàn án, yóò hù padà, eèsún á sì yá ju òṣíbàtà lọ. Òun ò lè fi ẹyẹ náà búra, ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí máa ń tún un gbìyànjú nígbà tí òjò ò bá tíì dá. Ó wá fi sùúrù sọ ìyókù, pé ẹgbẹ́ òun yóò fẹ́ padà wá, ṣùgbọ́n wọn á fẹ́ kó dá àwọn lójú. Bóyá kí Bàbá bá àwọn fọwọ́ sí ìwé kékeré kan.

"Ìwé?" ni Bàbá wí. "Ta ló ń ka ìwé létí àbàtà?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó rin afárá náà dé òpin láìwo ilẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì rì sínú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Nígbà tí Matthias àti Ọmọpẹ́ fà á jáde, bàtà ò bá ẹsẹ̀ wá. Wàlíyátù ló ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ tó yọ ọ́, bàtà dúdú onírin wúrà, ó ti kún fún pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ọmọpẹ́ ní kí Bàbá mú un wá kí òun fi omi ṣàn án. Bàbá ní rárá.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọ̀nà àbàtà ti yà kúrò lára títì Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ibi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ìbáà jẹ́ onírẹsì, ìbáà jẹ́ géndé alágídí. Bàbá ní kí wọ́n gé ọparun kan fún òun. Ó fi òkúta gbá a wọlẹ̀. Ó já imọ̀ ọ̀pẹ, ó fi so bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mọ́ orí ọparun náà, ó ṣẹ́ ìgbálẹ̀ díẹ̀ lára èyí tí wọ́n fi gbá etí omi láàárọ̀, ó fi há a. Kò sí àlejò tó béèrè ohun tó ń ṣe. Ta ni kò mọ àálè? Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Bàbá ti fi irú rẹ̀ há ìdí obì rẹ̀, títí di òní yìí ẹnikẹ́ni ò he obì kan níbẹ̀, àtàwọn tó ń wá sí mọ́ṣáláṣí, àtàwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Alhájì, wọ́n á ní ẹ ti lọ Mẹ́kà o," ni Wàlíyátù wí, ó ń fi bàbá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀.

"Ọlọ́run mọ̀ pé bàtà lásán ni," ni Bàbá dáhùn. "Èèyàn ni kò gbọdọ̀ mọ̀."

Dókítà Ẹkúndayọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ya fọ́tò bàtà náà lórí ọparun, ó ní èyí tó òun. Ó béèrè lọ́wọ́ Ọmọpẹ́ oṣù wo ló dára jù lọ láti padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọpẹ́ ní oṣù kẹjọ. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì lọ, Bàbá na ẹyin náà sí Ọmọpẹ́. Ó ní kó lọ gbé e sórí ewé tó ṣẹ́kù. Ọmọpẹ́ ní ó ti tutù, Bàbá, kò lè pa mọ́. Bàbá ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n kí bàbá rẹ̀ má máa wá a kiri. Ó wá wo ojú ọ̀nà sí apá ibi tí àwọn onírẹsì yóò gbà wá lọ́jọ́ Ajé. Ó ní bí wọ́n bá dé, kò sí ọ̀rọ̀ tí Ọmọpẹ́ fẹ́ bá wọn sọ, kó kàn fi ọ̀pá yẹn hàn wọ́n.

Ọmọpẹ́ fẹ́ dúpẹ́. Ó ti ń tẹ orúnkún.

"Má kúnlẹ̀," ni Bàbá wí. "Ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀."

Ó yí padà, ó ń lọ sílé, bàtà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì lásán. Ọmọpẹ́ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.